Kérésìmesì ní Ilé Ìyá Àgbà: Ìtàn Àwọn Ọmọ Kékeré àti Ọ̀nà Niamey

Bí a bá ń kọ ìtàn àwa Yorùbá ní Niamey, ọ̀rọ̀ ọjà ni a sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀: ta ni ó kọ́kọ́ pàtẹ, ta ni ó kọ́kọ́ ra ilẹ̀, àwọn ará ìlú wo ni wọ́n pọ̀ jù láàrin wa. Ìtàn rere ni gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn wà tí a kò tíì kọ sílẹ̀ bó ti yẹ, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú ilé ni a kà á sí. Òun ni ìtàn bí a ti ń gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgé-tàgé wọ ọkọ̀ nígbà Kérésìmesì, kí ó lè lọ ṣe ọdún ní ilé ìyá àgbà àti baba àgbà.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. Ìrìn àjò yìí ni ó sọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a bí sí ilẹ̀ Niger di ọmọ Yorùbá ní tòótọ́, kì í ṣe ní orúkọ nìkan. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà tí a ń gbà lọ kò fìgbà kan ṣeé gbọ́kàn lé. Ìjọba tì í, wọ́n ṣí i, wọ́n tún tì í. Ẹni tó bá wo ìtàn náà dáadáa yóò rí i pé àwọn ẹbí tí ọmọ wọn ṣì ń fi Yorùbá dáhùn lónìí ni àwọn tí kò fi gbogbo ìrètí wọn sórí ọ̀nà nìkan.

Kí ni ọmọ kékeré ń rí gbà níbẹ̀?

Àwọn kan máa ń béèrè pé: ọmọ ọdún kan ààbọ̀ tàbí ọdún méjì, kí ni ó mọ̀ nípa ọdún? Wọ́n ní owó ọkọ̀ náà pọ̀, wàhálà rẹ̀ pọ̀, ọmọ náà kò sì ní rántí. Òótọ́ ni pé kò ní rántí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rántí ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu wa títí di ọjọ́ alẹ́. Láàrin ọdún kan sí ọdún mẹ́ta ni ahọ́n ọmọ ń là. Ní Niamey, Zarma ni ọmọ wa yóò gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ àdúgbò, Hausa ni yóò gbọ́ lọ́jà, Faransé ni yóò bá pàdé ní ilé ìwé. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti jí lọ sí ọjà, wọn kì í sì í dé títí ilẹ̀ fi máa ń ṣú. Yorùbá tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ lóòjọ́ lè má ju "wá jẹun" àti "má fọwọ́ kàn án" lọ.

Ní ilé ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ yí padà. Gbogbo agbo ilé ni ó ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ní ọjọ́ kìíní ó lè sunkún bí ó bá rí ojú ìyá àgbà, nítorí kò mọ̀ ọ́n rí, ìyá àgbà kì í sì í bínú sí i. Tí yóò bá fi di ọjọ́ kẹta, ẹ̀yìn ìyá àgbà yìí kan náà ni ọmọ kò ní fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní oríkì rẹ̀: Àkànní, Àlàbí, Àjọkẹ́, Àbẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kì í ní oríkì orílẹ̀ bàbá rẹ̀, tí yóò máa wo ẹnu arúgbó bí ẹni pé ó yé e. Wọn á rọra tẹ̀ ẹ́ lórí ba kí ó dọ̀bálẹ̀, tàbí kí ó kúnlẹ̀, kí ó tó mọ ìdí tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbà á gbé e ká inú ilé, á sì fi ojú oórì àwọn baba ńlá hàn án. Àwọn àgbà sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ tí a sọ lórúkọ ní Niamey nílò ìgbà kan tí yóò wo ilé tí a wò kí a tó sọ ọ́ lórúkọ náà.

Èrè rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ nìkan. Kí fóònù tó dé, lẹ́tà, fọ́tò àti kásẹ́ẹ̀tì tí a gba ohùn sí ni ìyá àgbà fi ń mọ̀ pé òun ní ọmọ-ọmọ ní ilẹ̀ Faransé, bí àwọn àgbà wa ti ń pe gbogbo ìhà ibí yìí. Arúgbó tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ pọn ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀ pé ìdílé òun kò tíì parun ní ìdálẹ̀.

Kérésìmesì àti àtúnpàdé ẹbí nínú ìtàn wa

Láti ìgbà tí Kérésìmesì ti wọ ilẹ̀ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wá ilé ti rọ̀ mọ́ ọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. pàdé ní Àgbádárìgì, wọ́n sì ṣe Kérésìmesì níbẹ̀. Àwọn tó mú kí wọ́n wá ni àwọn Sàró, ọmọ Yorùbá tí ogun kó lẹ́rú, tí àwọn ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n gbé lọ sí Sierra Leone, tí wọ́n sì ń padà bọ̀ wá wá àwọn ènìyàn wọn.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ kàn wá jù nínú wọn ni Samuel Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o ní Òṣogùn ní ọdún 1821, nígbà tó wà ní ọmọdé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1846, òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlà, tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún 25. Àkókò Kérésìmesì kọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: obìnrin tó rò pé ọmọ òun ti ṣègbé di ìyá àgbà lọ́jọ́ kan fún àwọn ọmọ tí kò mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Ní oṣù Kejì ọdún 1848 ni a ṣe ìrìbọmi fún un, tí ó sì gba orúkọ Hannah. Nígbà tí a bá ń wí pé Kérésìmesì jẹ́ ọdún ìpadàbọ̀ sílé fún wa, kì í ṣe àṣà àwọn òyìnbó ni a ń tẹ̀ lé. Ọgbẹ́ tiwa ni ọdún náà bá wa wò.

Bí ọ̀nà Niamey ṣe là

Niamey kì í ṣe ìlú ńlá nígbà tí àwọn Faransé dé ibẹ̀. Àwọn abúlé kéékèèké ni ó wà létí Odò Ọya. Ní ọdún 1926 ni wọ́n gbé olú ìlú ilẹ̀ Niger kúrò ní Zinder wá sí Niamey, láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ìjọba àti òwò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa àjèjì wá. Àwọn akọ̀wé láti Dahomey, tí a ń pè ní Benin lónìí, wà lára àwọn àkọ́dé. Ìjọ Kátólíìkì fìdí múlẹ̀ ní Niamey ní ọdún 1931, láti Dahomey yìí kan náà ni wọ́n sì ti wá. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Kérésìmesì ní Niamey ti jẹ́ ọdún àwọn àlejò. Àwọn onílẹ̀, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Mùsùlùmí ni gbogbo wọn, gbà á bẹ́ẹ̀, ìjọba Niger sì ń fún gbogbo ènìyàn ní ìsinmi ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá títí di òní.

Àwa Yorùbá gba ọ̀nà méjì wọ ìlú náà. Àwọn kan wá láti ìhà Dahomey: ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọ Àjàṣẹ́. Àwọn mìíràn wá láti ìhà Nàìjíríà, láti inú àwọn ìlú tí ìrìn àjò òwò ti mọ́ lára: Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì. Àwọn ìlú wọ̀nyí kan náà ni ọmọ wọn kún Gold Coast àti Ivory Coast. Níbi tí àwọn Onítẹ̀bọmi Ògbómọ̀ṣọ́ bá ti dé, wọ́n á dá ìsìn sílẹ̀ ní èdè Yorùbá. Níbi tí àwọn Mùsùlùmí Ìlọrin àti Ọ̀fà bá ti dé, wọ́n á dá ilé kéwú sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé ọ̀nà náà fún àwọn ọmọ tí kò rìn ín rí. Láti Niamey, ọkọ̀ á gba Dosso, tó tó nǹkan bí 140 kìlómítà, á sì dé Gaya létí odò, tó tó nǹkan bí 290. A ó gba orí afárá kọjá Odò Ọya sí Malanville ní ilẹ̀ Benin, lẹ́yìn náà Kandi, lẹ́yìn náà Parakou. Ní Parakou ni ọ̀nà ti pín. Ẹni tó ń lọ sí Ìgbòho tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ lè ya gba Nikki àti Chikanda lọ sí Kíṣí. Ẹni tó ń lọ sí Èkó tàbí Abẹ́òkúta á tẹ̀ síwájú gba Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Kútọnu, á sì gba Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdí Ìrókò wọlé. Láti bí ọdún 1936 ni ojú irin ti dé Parakou láti Kútọnu, ó sì gba ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́mọ lọ́wọ́ eruku ọ̀nà láyé àtijọ́. Ọ̀nà kejì ni ti Birni N'Konni, tí a fi ń wọ Illela àti Sókótó, tí a ó sì máa bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi dé Ìlọrin.

Ẹni tó bá ti gbé ọmọ kékeré rin ọ̀nà yìí ní oṣù Kejìlá mọ̀ pé kì í ṣe eré. Ìgbà ọyẹ́ ni. Òtútù ń mú lóru, oòrùn ń pa ni lọ́sàn-án, eruku sì ń wọ imú ọmọ. Àwọn ìyá wa máa ń rẹ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sómi, wọn á fi bo ojú fèrèsé ní ibi tí ọmọ sùn sí. Wọn á gbé omi sísè, ẹ̀kọ àti búrẹ́dì dání, nítorí ẹnikẹ́ni kò mọ iye wákàtí tí a ó lò ní ẹnu ibodè. Nínú ẹrù wọn ni kílíṣí wà, àti dábínù, àti àlùbọ́sà pupa ti Galmi tí gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà mọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀, èlùbọ́, gàrí àti ẹ̀gúsí ni ìyá àgbà á dì fún wọn, àti aṣọ kékeré kan fún ọmọ, èyí tí yóò ti há mọ́ ọn kí ọdún mìíràn tó dé.

Oṣù Kejìlá méjì tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé

Ọ̀rọ̀ erékùṣù Lété, tó wà láàrin Odò Ọya nítòsí Gaya, dá ìjà sílẹ̀ láàrin Niger àti Dahomey ní ọdún 1963. Ní òpin ọdún náà, ìjọba Ààrẹ Hamani Diori pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ Dahomey fi ilẹ̀ Niger sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ọ̀rọ̀ náà kàn: akọ̀wé, olùkọ́, oníṣòwò àti àwọn ọmọ wọn. Dahomey náà dáhùn nípa dídí ọ̀nà ẹrù Niger mọ́ ọn. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wá láti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ wà lára àwọn tó di ẹrù wọn ní oṣù Kejìlá yẹn. Àwọn ọmọ kékeré wọn ṣe ọdún ní ilé ìyá àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbẹ̀wò ni wọ́n lọ ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àríyànjiyàn yẹn ti pẹ́ tó, ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2005 ni ilé ẹjọ́ àgbáyé tó wà ní ìlú Hague ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a pé Niger ni ó ni Lété.

Èkejì ni ti ọdún 1969. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba Busia ní ilẹ̀ Gánà fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gba ìwé tàbí kí wọ́n kúrò nílùú. Ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ni gbèdéke náà pé. Ọ̀pọ̀ àwọn Yorùbá tí wọ́n lé kúrò ni a bí sí Gánà, àwọn òbí mìíràn nínú wọn náà ni a bí síbẹ̀. Kérésìmesì ọdún 1969 ni àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi ojú kan Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Ìgbòho. Ilé kún fọ́fọ́. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún ọdún púpọ̀ pé kí àwọn rí ọmọ-ọmọ wọn rí wọn lójijì, pẹ̀lú ebi àti àìríṣẹ́.

Níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti hàn. Ilé tó bá ti mọ ọmọ náà tẹ́lẹ̀ gbà á bí ọmọ. Ilé tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí ọmọ kò sì gbọ́ èdè, ó gbà á bí àlejò, òmíràn kò tilẹ̀ mọ yàrá tí yóò fún un. Lára àwọn tó padà wálé yìí ni àwọn tó tún gbéra lọ sí Abidjan, Ouagadougou àti Niamey nígbà tó yá. Ohun tí wọ́n rí ní 1969 kò kúrò lọ́kàn wọn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà kan láàrin wa kì í fi í gbà kí ọmọ pé ọdún mẹ́ta láìdé ilé.

Ìgbà tí ibodè ń tì, tí ó ń ṣí

Ní ọdún 1975 ni wọ́n dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí wọ́n ń pè ní CEDEAO ní Niamey, ní 1979 sì ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé kí ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kejì láìgba físà. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun Nàìjíríà ti gbogbo ẹnu ibodè orí ilẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ owó náírà. Ọdún 1986 ni wọ́n tó ṣí i. Kérésìmesì méjì ló kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a bí ní ìbẹ̀rẹ̀ 1984 ti ń sáré káàkiri kí ọ̀nà tó là fún un láti rí ìyá àgbà rẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 1994, wọ́n gé iye owó séfà sí ìdajì lójú owó Faransé. Ẹnu ibodè wà ní ṣíṣí, ṣùgbọ́n àpò ti tì. Lọ́dún yẹn àti èyí tó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò lè gbé gbogbo ọmọ lọ sílé mọ́. Wọ́n á mú èyí tó kéré jù lọ, wọ́n á fi àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀, nítorí èyí tó kéré jù ni ìyá àgbà kò tíì rí.

Ọdún ayọ̀ náà wà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, ọjọ́ bíi méjì péré ni ó wà láàrin Kérésìmesì àti ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Ní ọdún 2006, Iléyá, tí wọ́n ń pè ní Tabaski ní Niamey, bọ́ sí òpin oṣù Kejìlá, láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí Kérésìmesì. Ẹ̀yin náà mọ bí ilé Yorùbá ti rí: bàbá àgbà lè jẹ́ Alhaji kí ìyá àgbà jẹ́ Ìyá Ìjọ. Ní irú ọdún bẹ́ẹ̀, ọmọ kékeré á jẹ adìẹ Kérésìmesì, á sì jẹ ẹran Iléyá nínú agbo ilé kan náà, aṣọ méjì ni wọ́n á rá fún un. A kò mọ ẹ̀kọ́ tó dára ju èyí lọ fún ọmọ tí yóò gbé láàrin àwọn tí ẹ̀sìn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú tirẹ̀.

A nílò ẹ̀kọ́ náà. Ní ọjọ́ 16 àti 17 oṣù Kìíní ọdún 2015, nítorí àwòrán tí ìwé ìròyìn Charlie Hebdo tẹ̀ jáde ní Paris, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Zinder àti Niamey. Ènìyàn mẹ́wàá ló kú, wọ́n sì dáná sun ìjọ 45 ní Niamey nìkan. Kò tíì pé oṣù kan tí a ṣe Kérésìmesì nínú àwọn ilé ìsìn wọ̀nyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé pé àwọn Mùsùlùmí kan dáàbò bo àwọn Kristẹni aládùúgbò wọn lọ́jọ́ náà. Ẹbí tí ó mọ aládùúgbò rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìjà ni ó ń rí ibi sá sí.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà tún ti ibodè. Ọ̀rọ̀ ẹrù ni wọ́n torí rẹ̀ tì í, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ọmọ àti ẹrù ọdún kọjá mọ ìyà tó jẹ òun. Kí ó tó ṣí ni àrùn Kòrónà dé. Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí ibodè mẹ́rin, Illela àti Sẹ̀mẹ̀ wà nínú wọn. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án sí Kérésìmesì.

Èyí tó le jù ni ti ọdún 2023. Àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, ECOWAS sì fi ìyà jẹ ilẹ̀ Niger láti ọjọ́ 30 oṣù náà. Nàìjíríà àti Benin ti ibodè wọn, Nàìjíríà sì gé iná ìjọba tó ń wá sí Niamey. Kérésìmesì ọdún yẹn, ọ̀nà méjèèjì tí a ti ń sọ láti òkè ni ó dí lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2024 ni ECOWAS mú ìyà náà kúrò, Nàìjíríà sì pàṣẹ ní oṣù Kẹta pé kí wọ́n ṣí ibodè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n títí ọdún 2024 fi parí, Niger kò ṣí ti Gaya sí Benin. Ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ni àwọn ènìyàn fi ń kọjá Odò Ọya, lábẹ́ afárá tí a ti ń gbà láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS. Àjọ náà kéde pé kí àwọn ilẹ̀ tó kù ṣì máa gba ìwé ìrìnnà àwọn ọmọ ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé láìgba físà títí wọn ó fi sọ ohun mìíràn. Ọ̀rọ̀ "títí wọn ó fi sọ ohun mìíràn" yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ìyá ọlọ́mọ lè gbójú lé.

Ilé ìyá àgbà ti wà ní Niamey

Nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, nǹkan kan ń yí padà láàrin wa láìsí ariwo. Àwọn tó wá ní ọ̀dọ́ ti darúgbó. Àwọn ọmọ wọn ti lọ sí Kútọnu, Abidjan, Èkó, Paris àti Amẹ́ríkà. Nígbà Kérésìmesì, Niamey ni àwọn ọmọ yìí ń gbé ọmọ kékeré tiwọn wá. Ilé ìyá àgbà tí à ń rìn kìlómítà rẹpẹtẹ lọ bá lánàá ti di ilé tiwa, pẹ̀lú igi àwẹ́dì àti ìkòkò omi lábẹ́ rẹ̀.

Kí ni ọmọ-ọmọ wa ń bá níbẹ̀? Nínú ilé mìíràn, ó ń bá ìyá àgbà tó ń fi Yorùbá kì í, tó sì mọ oríkì rẹ̀. Nínú ilé mìíràn, tẹlifíṣọ̀n Faransé ni ó ń bá, ìyá àgbà pàápàá ti ń fi Hausa pè é. A kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni. Èdè tí a fi ń jẹun ni ẹnu ń bá rìn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ òótọ́ fún ara wa: bí ọ̀nà ilé bá tún tì, tí ilé tiwa náà kò sì ní Yorùbá nínú, ibo ni ọmọ náà yóò ti gbà á?

Ìtàn 1984, 1969 àti 2023 dá wa lóhùn. Nígbà tí ibodè tì, àwọn ìdílé kan mú arúgbó wá sí Niamey ní kété tí ó ṣí, kí ó lè bá wọn gbé fún ọdún kan tàbí méjì. Àwọn mìíràn kó ara wọn jọ ní àgbàlá kan ní ọjọ́ Kérésìmesì, wọ́n sì sọ ìyá kan tí kò ní ọmọ nítòsí di ìyá àgbà gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀. Wọn kò dúró de ìjọba. Ibi tí arúgbó kan bá ti ń fi Yorùbá bá ọmọ sọ̀rọ̀, tó ń pè é ní oríkì rẹ̀, ilé ìyá àgbà ti wà níbẹ̀.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Kì í ṣe pé kí a má lọ sílé mọ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí ọ̀nà bá là, ẹ gbé ọmọ lọ. Ṣùgbọ́n kí a ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí pẹ̀lú.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ìwé. Abala 25 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi jẹ́ ọmọ Nàìjíríà bí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ẹ fetí sí i dáadáa. Ọmọ tí a bí sí inú Nàìjíríà lè di bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ̀ mú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ti ọmọ tí a bí sí Niamey kò rí bẹ́ẹ̀, òbí nìkan ni òfin náà dárúkọ. Bí ìwọ tí o jẹ́ òbí kò bá ní ìwé, ìyá àgbà tó wà ní Ṣakí kò lè gba ọmọ rẹ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí fún ọmọ ní kété tí a bá bí i, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà. Ẹ̀yin ọmọ Benin, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiyín.

Èkejì ni ìlera. Láti oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, káàdì aláwọ̀ ìyeyè rẹ̀ sì ni wọ́n máa ń béèrè ní ẹnu ibodè. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìrìn àjò kí ẹ tó wá a. Ẹ má sì gbàgbé àpò ẹ̀fọn, nítorí ibà kì í ṣọdún.

Ẹ̀kẹta ni èdè. Kí olúkúlùkù ilé yan ènìyàn kan tí kì yóò bá ọmọ kékeré sọ èdè mìíràn ju Yorùbá lọ. Bí ìyá àgbà bá wà nílé, òun ni kí ó jẹ́. Bí ó bá wà lókèèrè, ẹ pè é lórí fóònù, kí ọmọ máa rí ojú rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni àkọsílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ bàbá àgbà, ìyá àgbà, agbo ilé, oríkì orílẹ̀ àti ìlú sínú ìwé kan, kí ẹ sì fi í pamọ́ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ náà. Àwọn ọmọ tí wọ́n lé wá sílé láti Gánà ní 1969 ìbá rí ìrànwọ́ púpọ̀ bí wọ́n bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ọlọ́run tó mú wa rí ọdún yìí yóò mú wa rí èyí tó ń bọ̀. Yóò dá àwọn ìyá àgbà wa sí, nílé àti ní Niamey. Àwọn ọmọ wa tó ń rìn tàgé-tàgé lónìí yóò rìn dé ibi tí àwa kò dé, wọn kò sì ní ṣi ọ̀nà ilé. Ọdún á yabo fún gbogbo wa. Àmín.